Fọ́ọ̀mù Excel tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ tó wá kọ̀ ní Iléṣà: bí ẹ ṣe máa yanjú láísẹ́ńsì kọ́ńtírólù àfikún

Oníṣẹ́ parí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Lágere, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Kàlẹ́ńdà kékeré ń jáde tí wọ́n bá fẹ́ mú ọjọ́, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú owó tí kálukú dá. Akọ̀wé gbé fílaṣì dé ọ́fíìsì wọn nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí fọ́ọ̀mù, Excel sì kọ ọ́ sí i lójú pé: "Could not load an object because it is not available on this machine." Wọ́n pe oníṣẹ́, ó ní kóòdù òun kò ní àṣìṣe. Òótọ́ ló sọ. Fáìlì Excel kì í gbé kọ́ńtírólù àfikún dání, ìyẹn àwọn ohun èlò orí fọ́ọ̀mù, bíi kàlẹ́ńdà yẹn, tí kì í ṣe ara ohun tí gbogbo Office ní. Orúkọ rẹ̀ àti bí ẹ ṣe tò ó nìkan ló ń gbé. Kọ́ńtírólù fúnra rẹ̀, àti àṣẹ láti lò ó, gbọ́dọ̀ bá fáìlì lọ́nà mìíràn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ kí ó tó gbé kọ́ńtírólù jáde. Ṣé fáìlì rẹ̀ wà níbí? Ṣé wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú registry, ìwé àkọsílẹ̀ Windows? Ṣé àṣẹ wà láti dá a sílẹ̀? Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ á máa forúkọ fáìlì sílẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àṣẹ ni kò sí. Ìdí nìyí tí àwọn ìpele ìsàlẹ̀ yìí fi tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà. Ẹ má fo ìkankan, àyàfi níbi tí mo bá ti ní kí ẹ fò.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kọ̀ǹpútà méjì. Èkíní ni èyí tí ẹ fi ń kọ fọ́ọ̀mù. Èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ kóòdù rí: Windows àti Office nìkan, kò sí Visual Basic 6, kò sí àpò kọ́ńtírólù tí ẹ rà. Tí ẹ bá dán fọ́ọ̀mù wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ oníṣẹ́ bíi tiyín, ẹ kò tíì dán an wò.

Ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó kọ̀ǹpútà kejì. Láìsí i, ìpele karùn-ún kò ní ṣeé ṣe.

Ìwé àdéhùn láísẹ́ńsì kọ́ńtírólù kọ̀ọ̀kan tí ẹ rà, kì í ṣe rìsíìtì nìkan.

Ẹ̀dà méjì fáìlì mákírò náà, tí ọ̀kan nínú wọn kò ní sí lórí fílaṣì tí ẹ ń gbé kiri. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tó kún tún ṣe pàtàkì, kí iná má baà lọ nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ fáìlì inú Windows.

Ìpele 1: Ẹ mọ̀ bóyá Office jẹ́ 32-bit tàbí 64-bit

Lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ẹ ṣí Excel, ẹ tẹ File, lẹ́yìn náà Account, lẹ́yìn náà About Excel. Ìlà tó wà lókè wíńdò náà parí sí 32-bit tàbí 64-bit. Nínú Office 2010, abẹ́ File, níbi Help, ni ẹ máa ti rí i.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í: wọ́n máa ń wo ti Windows. Ti Windows kọ́ là ń wá. Windows 64-bit lè gbé Office 32-bit, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ní ọ́fíìsì rí. Láti Office 2019 ni ètò ìgbésórí Office ti ń mú 64-bit fúnra rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá yan òmíràn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló máa ń kọ fọ́ọ̀mù tí èyí tó gbó gbà.

Ìdí ni pé inú Excel gan-an ni kọ́ńtírólù OCX (OCX ni fáìlì tí kọ́ńtírólù àfikún ń gbé inú rẹ̀) ti ń ṣiṣẹ́. Ilé 64-bit kò lè gba àlejò 32-bit, láísẹ́ńsì ì báà wà bí ẹ̀rí. MSCOMCT2.OCX, tí DTPicker àti MonthView, àwọn kọ́ńtírólù kàlẹ́ńdà, ń gbé inú rẹ̀, kò ní ẹ̀dà 64-bit rárá. MSCOMCTL.OCX, ilé ListView àti TreeView tó ń fi àtòjọ hàn, kò sí nínú Office 2010 àti 2013 tó jẹ́ 64-bit, ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn Office 64-bit ti ìsinsìnyí.

Àyẹ̀wò: ẹ lẹ mákírò yìí mọ́ módúùlù kan, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

```
Sub MoBit()
    #If Win64 Then
        MsgBox "Office 64-bit"
    #Else
        MsgBox "Office 32-bit"
    #End If
End Sub
```

Tí èsì rẹ̀ bá bá ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ mu, ó tán. Tí Office orí kọ̀ǹpútà kejì bá jẹ́ 64-bit tí DTPicker sì wà nínú fọ́ọ̀mù yín, ẹ fò lọ sí ìpele kẹfà nísinsìnyí.

Kọ̀ǹpútà Mac àti Excel orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba ActiveX, ìyẹn irú kọ́ńtírólù tí à ń sọ yìí, rárá.

Ìpele 2: Ẹ kọ orúkọ gbogbo kọ́ńtírólù àfikún sílẹ̀

Ẹ tẹ Alt+F11, ẹ ṣí fọ́ọ̀mù náà, ẹ tẹ Toolbox lẹ́ẹ̀kan kí ó lè gba ojú, kí ẹ tó lọ sí Tools, Additional Controls. Tí ẹ kò bá kọ́kọ́ tẹ Toolbox tàbí fọ́ọ̀mù, ohun tó wà nínú àtòjọ náà á ṣókùnkùn, kò ní ṣeé tẹ̀. Àwọn tí àmì wà níwájú wọn lẹ ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Tools, References, ẹ tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan tó ní àmì, ẹ wo Location ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ fáìlì rẹ̀ gan-an wà.

Àwọn tó wọ́pọ̀ nìwọ̀nyí:

- ListView, TreeView, ImageList, ProgressBar, StatusBar: MSCOMCTL.OCX
- DTPicker, MonthView: MSCOMCT2.OCX
- CommonDialog: COMDLG32.OCX
- MSFlexGrid: MSFLXGRD.OCX

COMDLG32.OCX kì í ṣe COMDLG32.DLL. Ti Windows fúnra rẹ̀ ni DLL yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

TextBox, ComboBox, ListBox, Label, Frame, MultiPage, SpinButton, Image àti CommandButton kò sí nínú wàhálà yìí. Inú FM20.DLL ni wọ́n wà, Office ló sì ń gbé e wá. Ẹ má ṣe ki FM20.DLL sínú fílaṣì kí ẹ máa pín in, Microsoft kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti pín in kiri lọ́tọ̀ sí Office.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò ọjọ́ nìyí: tí References bá ní ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MISSING, àṣìṣe kì í yọjú níbi kọ́ńtírólù yẹn. Ó máa ń yọjú níbi Date, Left tàbí Format, tí Excel á sì sọ pé "Can't find project or library". Oníṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlà kóòdù tó dára kọ. Ẹ wo References ṣáájú ohunkóhun.

Àyẹ̀wò: gbogbo kọ́ńtírólù tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ní ìlà kan nínú ìwé yín, pẹ̀lú orúkọ fáìlì àti ibi tí ẹ ti rí i. Èyí tí ẹ kò bá mọ ibi tó ti wá, ẹ fi àmì pupa sí i.

Ìpele 3: Ẹ mọ irú láísẹ́ńsì tí ẹ ní

Láísẹ́ńsì oríṣi méjì ló wà, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ sí sì nìyí.

Láísẹ́ńsì oníṣẹ́ ni èyí tó fún yín láyè láti gbé kọ́ńtírólù sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ fà á gùn, kí ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Láísẹ́ńsì aṣàmúlò kò fúnni ju kí fọ́ọ̀mù tó ti parí ṣí lọ. Nígbà tí Excel bá fẹ́ dá kọ́ńtírólù sílẹ̀, ó máa ń bi apá inú OCX náà tó ń dá kọ́ńtírólù sílẹ̀ ní ìbéèrè méjì: ṣé láísẹ́ńsì oníṣẹ́ wà lórí kọ̀ǹpútà yìí, àti pé ṣé kọ́kọ́rọ́ kan wà tí aṣàmúlò lè gbé lọ? Àwọn kan máa ń wo fáìlì tó parí sí .lic lẹ́gbẹ̀ẹ́ OCX, àwọn mìíràn máa ń wo abẹ́ HKEY_CLASSES_ROOT\Licenses nínú registry. Tí kò bá sí èyíkéyìí, ó kọ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà tí Windows ń lò fún ìkọ̀sílẹ̀ yìí ni 80040112.

Ohun tí kì í yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀nà tí ẹ gbà fi kọ́ńtírólù sínú fọ́ọ̀mù ló ń sọ bóyá kọ́kọ́rọ́ aṣàmúlò á bá a lọ. Tí ẹ bá fa ListView látinú Toolbox sórí fọ́ọ̀mù, tí ẹni tó ṣe kọ́ńtírólù sì fàyè gba kọ́kọ́rọ́ aṣàmúlò, fọ́ọ̀mù náà máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá séèfù. Ó bá fáìlì rin ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá a sílẹ̀ nínú kóòdù báyìí:

```
Set lv = Me.Controls.Add("MSComctlLib.ListViewCtrl.2", "lvOmoEgbe")
```

kò sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa gbé. Kọ́ńtírólù tó bá ń béèrè láísẹ́ńsì á wá ti oníṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà aṣàmúlò, kò sì ní rí i. Visual Basic 6 ní Licenses.Add fún irú èyí, VBA, èdè kóòdù inú Office, kò ní in. Nítorí náà, fún kọ́ńtírólù tí wọ́n ń tà, fífà látinú Toolbox ni kí ẹ lò.

Láti mọ̀ bóyá láísẹ́ńsì oníṣẹ́ wà lórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ ṣí fáìlì òfìfo, ẹ fi UserForm tuntun kan sí i, kí ẹ fa kọ́ńtírólù náà sórí rẹ̀. Tó bá yọjú, ó wà. Tí Excel bá ní "The control could not be created because it is not properly licensed", fáìlì wà, ìforúkọsílẹ̀ wà, àṣẹ ni kò sí. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere nìyẹn, ẹ má tún fi regsvr32, àṣẹ Windows tó ń forúkọ OCX sílẹ̀, da ara yín láàmú. CommonDialog ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ jù, nítorí pé láísẹ́ńsì oníṣẹ́ rẹ̀ máa ń bá Visual Basic wá, Office lásán kì í gbé e wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó ti ìwé àdéhùn. Ojú ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni láísẹ́ńsì ní. Kọ́ńtírólù lè ṣí kó sì tún lòdì sí àdéhùn. Ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ fi gègé fàlà sábẹ́ ìlà tó dá wọn lóhùn:

- Ṣé wọ́n gbà kí ẹ lò ó nínú fáìlì Office tí mákírò wà nínú rẹ̀? Àwọn kan kò gbà, nítorí pé ẹni tó bá gba fáìlì yín ní VBA lọ́wọ́, ó sì lè ṣí fọ́ọ̀mù yẹn bí oníṣẹ́.
- Fáìlì wo gan-an ni ẹ lè fún aṣàmúlò? Wọ́n sábà máa ń to orúkọ wọn. Fáìlì .lic kì í sí nínú wọn.
- Ṣé iye kọ̀ǹpútà ní òpin?
- Ṣé oníṣẹ́ kan ni wọ́n ta á fún tàbí gbogbo ọ́fíìsì?

Tí ìwé kò bá sọ̀rọ̀ nípa Office, ẹ kọ lẹ́tà íméèlì sí olùtajà, ẹ béèrè, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn pẹ̀lú fáìlì iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu orí fóònù kò tó.

Ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn gidigidi: kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ńsì àti fáìlì .reg pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí ẹ kàn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu ọ̀nà á ṣí. Láísẹ́ńsì ẹlòmíràn ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fi owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ san yín kò rán yín ní iṣẹ́ yẹn, orúkọ wọn ló sì máa wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá yẹ̀ wò. Ẹ rà á, tàbí kí ẹ lọ sí ìpele kẹfà.

Àyẹ̀wò: lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín, ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ "oníṣẹ́: bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", àti "pínpín: ìwé fàyè gbà á" tàbí "kò fàyè gbà á". Èyí tí ẹ kò bá lè kọ nǹkan kan sí, ẹ má fún ẹnikẹ́ni.

Ìpele 4: Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà kejì, kí ẹ ka ohun tó sọ

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ ṣí. Tí fọ́ọ̀mù bá ṣí tí kọ́ńtírólù kan kò sì sí níbẹ̀, ẹ má séèfù. Fọ́ọ̀mù tí ẹ séèfù láìsí kọ́ńtírólù rẹ̀ lè pàdánù rẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú gbogbo ètò tí ẹ ti ṣe sí i, ibi tí ẹ̀dà kejì ti wúlò nìyẹn.

Ẹ ya àwòrán ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Kò ṣiṣẹ́" tí akọ̀wé sọ lórí fóònù kò lè ran yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì inú àpótí yẹn ló máa ràn yín lọ́wọ́.

"Could not load an object because it is not available on this machine" túmọ̀ sí pé fáìlì kò sí, tàbí ìforúkọsílẹ̀ kò sí, tàbí bit kò bára mu. "Class not registered", tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 80040154, túmọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀. "Invalid class string", 800401F3, máa ń wá láti Controls.Add: orúkọ tí ẹ kọ sínú àmì ọ̀rọ̀ kò sí nínú registry, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣì í kọ tàbí pé OCX kò tíì wọlé. "Not properly licensed" túmọ̀ sí àṣẹ. Ẹ padà sí ìpele kẹta fún ìyẹn.

Ìpele 5: Ẹ forúkọ kọ́ńtírólù sílẹ̀ bó ṣe yẹ

Ìpele yìí wà fún kọ́ńtírólù tí ìwé fàyè gba pínpín rẹ̀ nìkan. Tí olùtajà bá fún yín ní ètò ìgbésórí tirẹ̀, òun ni kí ẹ lò, òun ló mọ àwọn fáìlì mìíràn tó gbọ́dọ̀ bá a rìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́:

1. Ẹ pa Excel, Word àti Outlook dé.
2. Ẹ wò bóyá fáìlì náà ti wà. Tó bá wà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, Properties, Details, ẹ wo File version. Ẹ má fi èyí tó gbó rọ́pò èyí tó tuntun.
3. Fún Office 32-bit lórí Windows 64-bit, ẹ dà á kọ sí C:\Windows\SysWOW64. Fún OCX 64-bit, C:\Windows\System32 ni. Orúkọ méjèèjì dà bí ẹni pé wọ́n dojú rú, bẹ́ẹ̀ náà ni: System32 ni ilé 64-bit, SysWOW64 ni ilé 32-bit. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé e sí òdìkejì nìyí, kí ẹ dúró kà á lẹ́ẹ̀mejì.
4. Ẹ wá cmd nínú Start, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Run as administrator. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún, pẹ̀lú ọ̀nà regsvr32 gan-an:

```
C:\Windows\SysWOW64\regsvr32.exe C:\Windows\SysWOW64\MSCOMCTL.OCX
```

Tó bá ní "DllRegisterServer … succeeded", ó wọlé. Tó bá fi 0x80070005 hàn, ẹ kò ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Tó bá ní "the module failed to load", ọ̀nà tí ẹ kọ kò tọ́, tàbí fáìlì mìíràn tó nílò kò sí, tàbí bit rẹ̀ kò bá regsvr32 tí ẹ pè mu.

Ẹ má mú MSCOMCTL.OCX látinú fílaṣì ẹnikẹ́ni. Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Microsoft gbé àtúnṣe MS12-027 jáde fún un, nítorí ihò ààbò CVE-2012-0158 tí àwọn ọ̀daràn ń gbà wọlé nípa fáìlì Word àti Excel tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà tó ti gbó ṣì ń káàkiri. Ẹ fún ẹgbẹ́ kan ní irú rẹ̀, ẹ ti fi ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Nǹkan kan ṣì kù. Office máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kọ́ńtírólù sínú fáìlì tó parí sí .exd. Tí OCX bá yí padà tí .exd kò yí padà, kọ́ńtírólù tó wà níbẹ̀ tí àṣẹ rẹ̀ sì wà á tún kọ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe ààbò oṣù kejìlá ọdún 2014, èyí ló mú kí bọ́tìnnì orí Excel dákẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ pa Office dé, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ %temp% kí ẹ wo fódà Excel8.0 àti VBE, lẹ́yìn náà %appdata%\Microsoft\Forms. Ẹ pa gbogbo .exd tó wà níbẹ̀ rẹ́. Office á dá tuntun sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tún kọ̀ǹpútà tan, ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ akọ̀wé, kì í ṣe ti alábòójútó, kí ẹ ṣí fọ́ọ̀mù. Ìforúkọsílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún alábòójútó nìkan kò tíì parí.

Ìpele 6: Ẹ fi ohun tí gbogbo Office ní rọ́pò rẹ̀

Fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé, èrò mi ni pé ibí ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí kò ní kọ́ńtírólù àfikún kì í béèrè láísẹ́ńsì, ó sì ń ṣí nínú 32-bit àti 64-bit bákan náà.

Dípò CommonDialog:

```
With Application.FileDialog(3)
    .Filters.Clear
    .Filters.Add "Excel", "*.xlsx; *.xlsm"
    If .Show = -1 Then txtFaili.Text = .SelectedItems(1)
End With
```

Dípò ProgressBar, ẹ fi Label aláwọ̀ sínú Frame, kí ẹ máa fa ìbú rẹ̀: `lblIlo.Width = fraIta.InsideWidth * i / n`, kí Me.Repaint tẹ̀ lé e. Bí n bá pọ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ìlà 50, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yíyàwòrán yẹn á gba àkókò ju iṣẹ́ gan-an lọ.

Dípò ListView, ListBox tó ní ColumnCount àti ColumnWidths bíi "60;140;70". AddItem kò gbà ju òpó 10 lọ. Tí ẹ bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kó dátà sínú array kí ẹ fún .List lẹ́ẹ̀kan náà. ColumnHeads kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá lo RowSource. Tí ẹ bá ń lo array, ẹ to Label sókè àpótí náà fún orí òpó.

Dípò DTPicker, ComboBox mẹ́ta: ọjọ́, oṣù, ọdún. TextBox kan ṣoṣo lewu. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ọ̀nà Amẹ́ríkà máa ka 05/03, tí akọ̀wé ní lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, owó èlé orí ẹ̀yáwó á sì yí padà láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ tún wo èyí: DateSerial(2025, 2, 31) kì í sọ pé ọjọ́ yẹn kò sí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ló máa fún yín. Nítorí náà:

```
d = DateSerial(CInt(cboOdun), CInt(cboOsu), CInt(cboOjo))
If Day(d) <> CInt(cboOjo) Then
    MsgBox "Ojo yii ko si ninu osu ti e yan."
    Exit Sub
End If
```

Ẹ ó rí i pé mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú MsgBox yẹn. Ojú ìwé kóòdù VBA kì í gba ẹ, ọ, ṣ tó ní àmì ìsàlẹ̀, ó máa ń sọ wọ́n di àmì ìbéèrè, MsgBox kò sì lè fi wọ́n hàn. Ṣùgbọ́n Label orí fọ́ọ̀mù lè fi wọ́n hàn. Ẹ kọ Yorùbá yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, nínú sheet kan tí ẹ pè ní Oro, kí fọ́ọ̀mù máa kà á níbẹ̀:

```
lblOruko.Caption = Worksheets("Oro").Range("A2").Value
```

Àwọn ìyá alájẹṣẹ́kù tó ń ka "Ọjọ́ tí ẹ yá owó" dáadáa kò yẹ kí wọ́n máa ka "?j?".

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ kọ́ńtírólù àtijọ́ kúrò lórí fọ́ọ̀mù, ẹ padà sí Tools, References, ẹ yọ àmì iwájú rẹ̀. Kò ní kúrò fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, MISSING á ṣì yọjú lórí kọ̀ǹpútà kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́ọ̀mù kò lò ó mọ́.

Àyẹ̀wò: Debug, Compile VBAProject. Tí kò bá sọ ohunkóhun, tí References kò sì fi OCX kankan hàn, ó mọ́.

Ìpele 7: Bí ẹ ṣe máa fi lé wọn lọ́wọ́

Láti ọdún 2022 ni Office ti ń dí mákírò inú fáìlì tó bá gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, WhatsApp àti íméèlì náà wà nínú rẹ̀. Àpótí pupa ló máa yọ, kò sì ní ní bọ́tìnnì tí akọ̀wé lè fi gbà á láyè. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, Properties, ẹ fi àmì sí Unblock, OK. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ṣí i.

Kọ́ńtírólù ActiveX tó wà lójú sheet fúnra rẹ̀ tún ní ti ara rẹ̀: Office 2024 àti Microsoft 365 tuntun ti pa á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń ṣí fọ́ọ̀mù yín, ẹ má ṣe é ní ActiveX. Ẹ lọ sí Developer, Insert, ẹ mú Button abẹ́ Form Controls, kí ẹ fi mákírò sí i.

Tí fọ́ọ̀mù yín ṣì ní kọ́ńtírólù tí ẹ rà, ẹ fún ẹgbẹ́ ní ìwé ojú kan tí a tẹ̀: orúkọ kọ́ńtírólù, ẹ̀yà OCX, bit tó gbà, ẹni tó ni láísẹ́ńsì, iye kọ̀ǹpútà tó fàyè gbà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fáìlì ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ra kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lè má jẹ́ ẹ̀yin.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà Iléṣà, ẹ̀yin ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí ó ṣí fáìlì, kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí ó forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ 31 oṣù kejì. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Kí ó yí i sí ọjọ́ 28, kí ó séèfù, kí ó pa Excel dé, kí ó tún un ṣí. Orúkọ náà àti ọjọ́ 28 gbọ́dọ̀ wà nínú àtòjọ bó ṣe kọ wọ́n.